Iṣu Tí Wọ́n Wẹ̀ Nítorí Físà

Orí pákó ni mo kọ ọ́ sí. Ọmọ wa tó wà ní Faransé ló fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìyá tó bá fẹ́ gba físà lọ kí ọmọ rẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sí ìwé, ìwé á sọnù. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní Bantè, ìwé tí ẹ̀rún igi ti gbé mì ní ilé iṣẹ́ mi pọ̀ ju èyí tí ewúrẹ́ lè jẹ lọ. Mo mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn, mo fi pẹ́ńsù kọ ohun kọ̀ọ̀kan sí ìlà tirẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sára ògiri. Bí ohun kan bá ti pé, màá fi ìfági fá ìlà rẹ̀ kúrò. Bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi náà nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé tó rí i pé orúkọ òun ṣì wà lára pákó, kò nílò láti béèrè bóyá àga òun ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fẹ́ rìnrìn àjò náà. Gàrí ló ń yan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà lọ́nà Bobè, kò sì tíì dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Kò ní ohun tó ń wá ní Faransé. Àmọ́ ọmọ tó bí wà níbẹ̀, ó sì lóyún, oyún àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù mi, ọmọ náà sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì ti fún òun ní ìwé kan tó kún fún àwòrán, pé bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun ló wà nínú rẹ̀.

"Nínú ìwé?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àwòrán mẹ́fà ni."

Ẹ̀gbọ́n mi dá fóònù padà fún mi. Ó jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bá mi béèrè ohun tí wọ́n ń gbà kí èèyàn tó wọ ìlú wọn."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè má mọ ohun tó bà á lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ìyá ẹni ló ń wẹ àkọ́bí ẹni. Bí wọn ò bá wẹ ọmọ dáadáa ní kékeré, tó bá dàgbà tó wá ń rùn lágbo, ìyá tó wẹ̀ ẹ́ ni wọ́n máa bú. Wọn ò ní bú nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà yóò sì wáyé lẹ́yìn ìkórè iṣu, oṣù mélòó kan péré ló kù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ka pákó náà ju bí èmi fúnra mi ṣe kà á lọ. Ọkùnrin kan láti Tchetti tó wá gbé fèrèsé rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

"Wọ́n fẹ́ kó mú ẹ̀rí wá pé yóò padà wálé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló sọ pé kò ní padà?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń bi í?"

Mo ní kó bá mi di etí fèrèsé náà mú kí n lè gbá ìṣó sí i.

A ṣe pásípọ́ọ̀tù. A ya àwòrán. Ayàwòrán sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má rẹ́rìn-ín, pé àwọn tó ń gba ìwé físà kò fẹ́ ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi wo aṣọ funfun tó ta sẹ́yìn rẹ̀, ó wo iná tó tàn sí i lójú, ó ní, "Kí ló wà níbí tó lè pa mí lẹ́rìn-ín?" A gba ìwé asiráńsì, èyí tó sọ pé bó bá ṣàìsàn lọ́hùn-ún, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Ó bi ọkùnrin tó ń ṣe é bóyá wọ́n ní èyí tí kò ní jẹ́ kí èèyàn ṣàìsàn rárá. Ọkùnrin náà ní wọn ò ní i.

Ní ti ẹ̀rí pé yóò padà, ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. "Ẹ̀gẹ́ mi wà nílẹ̀."

"Wọn ò mọ ẹ̀gẹ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Ìwé ni wọ́n mọ̀."

"Kí wọ́n kọ ìwé fún ẹ̀gẹ́, nígbà náà."

A lọ bá olórí àdúgbò. Ó mú báírò, ó kọ ọ́ lédè Faransé pé òun, olórí àdúgbò, jẹ́rìí pé ẹ̀gẹ́ obìnrin yìí wà nínú ilẹ̀, pé kò tíì gbó, àti pé kò sí ẹlòmíràn tó ní ẹ̀tọ́ láti fà á tu. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó fi kún un pé òun náà ló ni agbada ìyan-gàrí. Ó fi kún un, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Mo dé ilé iṣẹ́, mo mú ìfági, mo fẹ́ fá ìlà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi í sílẹ̀ ná. Ó ní ẹni tí kò tíì lọ kò tíì fi hàn pé òun padà.

Ìlà tó kàn ni ìwé tó fi hàn pé ẹni tó ń lọ ni ìyá ẹni tó ń pè é. Mo ní kí ọmọ wa fi àwòrán ìwé ìbí rẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi í ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ṣí i, mo kà á. Mo pa fóònù, mo fá pákó kan tí kò sẹ́ni tó ní kí n fá, mo tún ṣí i, mo tún un kà.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbi tí wọ́n kọ ìyá sí. Orúkọ Ìyá Savalou ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìyá Savalou jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, obìnrin tó ń ta ìkòkò ní Savalou, tí kò bímọ. Nígbà tí ọmọ wa wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ó wá kí wọn ní Bantè, ó sùn ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà ń tẹ̀lé e kiri. Kò tọrọ ohunkóhun. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ẹ̀gbọ́n mi di aṣọ ọmọ náà sínú àpò, ó fà á lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa a máa fúnni lọ́mọ tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fúnni kì í tún di ọmọ náà lápá mú. Ìyá Savalou ló fi í sílé ẹ̀kọ́, òun ló jókòó tì í nígbà tí ibà dá a wó, òun ló sìn ín lọ sílé ọkọ.

Mo mú fóònù, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí agbada. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín kò sí nínú ìwé ìbí ọmọ yín."

Ó ń ro gàrí lọ. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

Ó wá sọ ọ́ fún mi láìdá ọwọ́ dúró. Ọmọ náà kò ní ìwé ìbí, ilé ẹ̀kọ́ ní Savalou sì ń béèrè rẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì mú un lọ síwájú akọ̀wé tó ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé náà kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ta ni ìyá ọmọ?" Ìyá Savalou wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà di etí ìró Ìyá Savalou mú.

"Mo nawọ́ sí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ní, òun nìyí. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n sọ lójú ọmọ pé ẹni tó se oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ yẹn kì í ṣe ìyá rẹ̀?"

Mo tún wo ìwé náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ àwọn ẹlẹ́rìí sí, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí pé òun kọ́ ló bí i.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e sẹ́yìn alùpùpù mi, a lọ sí Savalou. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bá èèyàn kọ ìwé, ó gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó ní kò le.

"Ẹ ó padà lọ síwájú adájọ́, ẹ ó sọ pé irọ́ ló wà nínú ìwé yẹn."

"Irọ́ ta ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ti obìnrin yẹn. Ó pe ara rẹ̀ ní ìyá."

"Kò pe ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Èmi ni mo pè é."

"Irọ́ tiyín ni, nígbà náà."

"Kì í ṣe irọ́."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo wo igi máńgòrò. Ó ní, "Ìyá, ọ̀kan ṣáá ni: ó jẹ́ òótọ́, tàbí ó jẹ́ irọ́."

"Ṣé o ní ọmọ?"

"Mo ní mẹ́ta."

"Ṣé o ti fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀kan rí?"

Ó ní rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O ṣeun," ó sì dìde. Kí a tó lọ, mo bi ọkùnrin náà bí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó. Ó ní bó bá yá kánkán, kó tó di òjò ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tó wà nínú oyún kò ní dúró de òjò.

Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní kí a kọ lẹ́tà, kí a ṣàlàyé. Mo ní àwọn òyìnbó náà ń bímọ, ó yẹ kó yé wọn. A dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Savalou. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi, mo ti fi ọmọ náà fún un. Mi ò ní lọ gbà á padà níwájú adájọ́ nítorí pé mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú."

Ìyá Savalou jókòó sáàárín àwọn ìkòkò rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kú ilé."

"Ìyàwó mi, káàbọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ gbé ojú yìí wá? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀yin lẹ máa lọ sí Faransé."

Ìyá Savalou wo ìkòkò, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé ìbí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìwọ lo bí i."

"Ẹ̀yin ni wọ́n kọ."

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Ọkọ̀ òfuurufú ní àga."

Ìyá Savalou fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ìkòkò sọ ohun kan tí mi ò retí. Ó ní, "Mi ò tíì wẹ ọmọ tuntun rí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ń wẹ ara rẹ̀. Ẹ̀yìn etí ló kàn máa ń gbàgbé."

Èmi wá rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò ní físà, ẹni tó lè rí físà kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn eruku nù lórúnkún. "Ẹ ní iṣu nílé?"

Iṣu ló fi kọ́ ọ. Ó yan ọ̀kan tó wúwo tó ọmọ, ó fi àkísà so iṣu kékeré kan mọ́ ọn lórí kó lè máa mì, torí ó ní ọrùn ni gbogbo iṣẹ́. Ọjọ́ ọjà Savalou tó bá kó gàrí lọ, bó bá tà á tán, á ya ọ̀dọ̀ Ìyá Savalou, wọ́n á gbé ọpọ́n rọ́bà sáàárín àgbàlá, wọ́n á wẹ iṣu.

"Ẹ má dì í mú bí ìkòkò, ọkọ mi. Ìkòkò kì í sunkún."

"Òun náà kò sunkún."

"Ẹ ti fọ́ ọ lórí mọ́ ọpọ́n, báwo ló ṣe máa sunkún?"

Wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ̀ ọ́ lára, wọ́n na apá tí kò ní, wọ́n fi òrí ra á. Aládùúgbò kan tó ń sọ èdè Mahi yọjú lórí ògiri, ó béèrè ohun tí iṣu náà ṣe. Ìyá Savalou fi Mahi dá a lóhùn pé ìdọ̀tí oko ló wà lára rẹ̀. Obìnrin náà ní òun náà máa ń wẹ iṣu, ṣùgbọ́n òun kì í fi aṣọ ìnura nù ún.

Nígbà kan tí mo lọ gbé ẹ̀gbọ́n mi, mo bá Ìyá Savalou tó pọn iṣu náà sẹ́yìn, tó ń ta ìkòkò fún oníbàárà. Ó ní òun gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ní Bantè, mo yí pákó náà padà, mo kọ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun fún Ìyá Savalou. Pásípọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú àwòrán tí kò rẹ́rìn-ín, wọ inú àpótí. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ tí àwọn tó ń fúnni ní físà pe Ìyá Savalou sí Kútọnu, àwa mẹ́ta la lọ. Òun nìkan ni wọ́n jẹ́ kó wọlé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dúró sí ìta, níbi tí ògiri ti fún wa ní òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Bí wọ́n bá bi í pé ta ló bí ọmọ ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kò ní purọ́."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Ìyá Savalou jáde. Ó mu omi. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Wọ́n ní ọmọ mélòó ni mo ní. Mo ní ọ̀kan. Wọ́n ní ta ló tọ́ ọ. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún. Mo ní mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Ṣé wọ́n bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?" ni mo béèrè.

"Rárá. Èmi ni mo sọ fún wọn. Mo ní iṣu ni mo fi kọ́ ọ."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ọkùnrin tó ń túmọ̀ Yorùbá dákẹ́ díẹ̀. Ó wá sọ gbólóhùn kúkurú kan lédè Faransé. Mi ò rò pé iṣu wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọn ò bi yín ní ohun tó máa mú yín padà?"

"Wọ́n bi mí. Mo ní ìyàwó mi ń dúró dè mí níta. Ìyẹn náà pẹ́ kó tó túmọ̀ rẹ̀."

Wọn ò béèrè ẹni tó bí ọmọ. Ó dà bí ẹni pé ìwé ti dáhùn ìyẹn fún wọn.

A retí físà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kan ilẹ̀kùn méjì àti bẹ́ẹ̀dì kan, mi ò rántí ti ta ni. Físà náà jáde. Ìyá Savalou fi àwọn ìkòkò rẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò orí ògiri, ó di kàn-ìn-kàn-ìn, ọṣẹ dúdú àti òrí sínú àpò kan, ó sì lọ. Ọmọ wa bímọ ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Ìyá Savalou débẹ̀. Obìnrin ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn, fóònù mi dún. Ọmọ wa ló pè, ó ní kí Ìyá Bantè wá wò. Mo sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n mi nídìí agbada. Ó fi iná sílẹ̀, ó wá pẹ̀lú eruku gàrí lápá, ó jókòó sórí àpótí ní ilé iṣẹ́ mi, mo sì gbé fóònù náà ti ara pákó kó má bàa ṣubú.

A rí ọpọ́n. A rí ọwọ́ Ìyá Savalou. Ọmọ náà pupa, ó kéré sí iṣu wa, ó sì ń sunkún gan-an, ohun tí iṣu kò ṣe rí. Ìyá Savalou fẹ́ gbé e wọ inú omi.

"Ọrùn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Mo ti dì í mú."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lófuurufú níwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣe ohun tí ọwọ́ ti ọ̀hún ń ṣe. Wọ́n fọ̀ ọ́ lára, wọ́n fọ ẹ̀yìn etí rẹ̀, wọ́n na apá, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi òrí ra á. Ọmọ náà dákẹ́. Ohùn ọmọ wa dé láti ẹ̀yìn fóònù, ó ní, "Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

Ìyá Savalou ń fi aṣọ wé ọmọ náà. Kò gbé orí sókè.

"Ìyá rẹ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó ní gàrí òun ti ń jóná, ó sì jáde lọ. Gàrí náà ti jóná lóòótọ́. Kò bínú sí i.

Mo mú ìfági, mo fá gbogbo ìlà tó kù lára pákó náà, àfi ọ̀kan, èyí tó ní kí ẹni náà fi hàn pé yóò padà. Ìyẹn mi ò fọwọ́ kàn án. Ìyá Savalou ló fá a fúnra rẹ̀, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Bantè pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, kó tó padà lọ sílé tirẹ̀. Ó fá a wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tún un ṣe.